Treadmill kọ́ lẹ ó kọ́kọ́ rà: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ríra irinṣẹ́ ìdárayá sílé

Nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀ ní Bódìjà àti Olúyọ̀lé Estate ní Ìbàdàn, treadmill kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń sáré lójú kan, wà ní igun tó ti di ibi tí wọ́n ń fi tówẹ̀lì àti aṣọ iléèwé kọ́. Àwọn èèyàn a máa ní ọ̀lẹ ló ń ṣe ẹni tó rà á. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó sanwó ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí pé ẹ̀rọ nìkan ló wò. Kò wo iná ilé rẹ̀, kò wo yàrá, kò sì wo ara òun fúnra rẹ̀.

Ẹ má ra ẹ̀rọ tí iná yín kò lè gbé

Èyí ló ń jẹ owó jù, màá sì pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀. Mọ́tò ló ń yí treadmill, HP ni wọ́n sì fi ń wọn agbára mọ́tò. HP 1 jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 746, torí náà ẹ̀rọ tó ní HP 2 lè béèrè tó wáàtì 1,500 bí ẹni tó wúwo bá ń sáré lórí rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí I-better-pass-my-neighbour kì í tó wáàtì 1,000. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ínfátà náà ní wàhálà tirẹ̀: bí kì í bá ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere bíi ti NEPA, mọ́tò á máa kùn, á máa gbóná, ọjọ́ rẹ̀ á sì kúrú. Ẹni tó ṣe sólà yín ni kí ẹ bi kí ẹ tó bi ẹni tó ń ta ẹ̀rọ.

Owó iná Band A gbówó lórí ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ni wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ó kéré tán. Bí àdúgbò yín kò bá sí lára wọn, kì í ṣe àsìkò tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀ lẹ ó máa sáré, àsìkò tí IBEDC, iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, bá múná wá ni. Ta ló ń jí sáré ní aago méjì òru?

Àwọn ọlọ́jà a máa pariwo HP 3, HP 4. Ẹ bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì, continuous duty àbí peak? Continuous duty ni agbára tí mọ́tò lè fi ṣiṣẹ́ lọ láìsinmi. Peak ni ibi tó lè ta dé fún ìgbà díẹ̀ kó tó rẹ̀ ẹ́. Peak ni wọ́n fẹ́ràn láti kọ gàdàgbà sára páálí.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wá ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóòtì 120, tiwa jẹ́ 230. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tààrà, èéfín lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa mu. Òótọ́ ni pé step-down, ẹ̀rọ tó ń sọ iná 230 di 120, wà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní agbára ju mọ́tò lọ, owó mìíràn sì nìyẹn.

Bó bá jẹ́ tèmi, kẹ̀kẹ́ ìdárayá tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì ni màá mú ṣáájú. Kò fi NEPA ṣe nǹkan kan, bátìrì kékeré ló máa ń wà nínú ojú rẹ̀, kì í sì í gbo orúnkún bí eré sísá.

Ẹ má ra irin kí ẹ tó wọn yàrá

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ló pọ̀ nínú àwọn ilé tí à ń háyà. Ọ̀pá irin tí àwọn agbérin Òlíńpíìkì ọkùnrin ń lò gùn tó mítà 2.2, kìlógíráàmù 20 ni òun nìkan wọ̀n. Bí ẹ bá gbé e dábùú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10, ohun tó kù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lé díẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà lẹ sì fẹ́ dúró sí kí ẹ tó ki irin bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Dọ́ḿbẹ̀lì méjì ló yẹ yàrá bẹ́ẹ̀.

Treadmill ń fẹ́ nǹkan bíi mítà méjì àyè lẹ́yìn. Ara ògiri ni púpọ̀ nínú wa máa ń tì í mọ́ kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ẹ̀rọ á gbá èèyàn mọ́ ògiri, bẹ́líìtì á sì máa yí lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi okùn kọ́kọ́rọ́ ààbò, èyí tó ń dá ẹ̀rọ dúró bí ẹ bá ṣubú, há aṣọ ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì yọ ọ́ pa mọ́ bí ẹ bá ṣe tán, torí ọmọdé. Ìka ọmọ máa ń há sábẹ́ bẹ́líìtì yẹn.

Ẹ wòkè náà. Fáànù kò mọ̀ pé okùn lẹ ń fò.

Ilẹ̀ ńkọ́? Dọ́ḿbẹ̀lì kan tó já bọ́ ti tó láti fọ́ táìlì, bí lánlọ́ọ̀dù bá sì ń gbé ìsàlẹ̀, ẹ ti mọ ẹjọ́ tó ń bọ̀. Rọ́bà tó nípọn ni kí ẹ tẹ́, kí ẹ fi pákó plywood sí abẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ju irin sílẹ̀ lórí dẹ́kìn.

Irin tí kò bára wọn mu

Ẹlòmíì á ra ọ̀pá ní Dùgbẹ̀, á ra àwo irin ní Ring Road, ó délé, àwo ń jó lórí ọ̀pá. Ihò àwo kan jẹ́ íǹṣì kan, ti òmíràn jẹ́ íǹṣì méjì. Ẹ mú téépù lọ. Ẹ ka nọ́ńbà náà dáadáa: 20 tó wà lára irin Amẹ́ríkà lè jẹ́ pọ́n-ùn, kìlógíráàmù mẹ́sàn-án péré nìyẹn, tí ẹ sì ti san owó ogún.

Kò sí ohun tó burú nínú kí wẹ́dà bá yín ṣe bẹ́ǹṣì, bí páìpù rẹ̀ kò bá ti fẹ́lẹ́. Ẹ jókòó lé e pẹ̀lú ìwúwo ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ẹ tó sanwó tán. Rọ́bà pénǹtì lítà mẹ́rin tí wọ́n po kọnkéré kún inú rẹ̀ wọ̀n tó kìlógíráàmù mẹ́sàn-án. Ó dára fún gbígbé rìn, àmọ́ ẹ má gbé e kọjá orí, torí kọnkéré máa ń sán, ọwọ́ rọ́bà sì máa ń já.

Bẹ́líìtì tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn, tó ń gbọ̀n tàbí tó ń mú ikùn gbóná ńkọ́? Omi ara ló ń lọ, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ mu omi, ó ti padà.

Ara yín ńkọ́

Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìwúwo tó lè gbé. Bí wọ́n bá kọ kìlógíráàmù 100 sí i, tí ẹ sì wọ̀n 98, ẹ wá òmíràn. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru yín bá ti dé 140/90, dókítà lẹ ó kọ́kọ́ rí.

Iṣẹ́jú 150 ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré jù fún àgbàlagbà, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí a ó fi mú iṣan le. Ẹni tó ra ẹ̀rọ ìsáré nìkan ti gbàgbé apá kejì. Apá kìíní kò sì wọ́n ní Ìbàdàn: gegele Mápó wà níbẹ̀, Òkè Ààrẹ níbi tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ Bower sí ní 1936 wà níbẹ̀. Okùn fífò náà tó fún apá kìíní yìí. Irinṣẹ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́ ni, ìlú tí Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Liberty Stadium ní 1963 kò sì gbọdọ̀ fojú di okùn.

Bí ẹ bá wá takú pé treadmill lẹ fẹ́, ẹ béèrè ẹni tó máa tún un ṣe àti ibi tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti ń wá. Òróró silicone ni wọ́n ń fi sábẹ́ bẹ́líìtì náà, kì í ṣe ẹ́ńjìnì ọ́ìlì, kì í sì í ṣe òróró ìdáná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gun orí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ rìn, kí ẹ sáré díẹ̀, kí ẹ fetí sí mọ́tò. Bí ọlọ́jà bá ní kò síná, ẹ sọ fún un pé ẹ ó padà wá bí wọ́n bá múná dé.