Bí ẹ ṣe lè wo The Four Just Men pẹ̀lú ìyá tí kì í dákẹ́ sídìí eré

Màámi kì í wo eré kí wọ́n dákẹ́. Bí ẹnì kan bá yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, "Ta nìyẹn?" Bí onítọ̀hún bá kúrò, "Ibo ló lọ?" Ẹni ọdún 83 ni wọ́n, ọ̀dọ̀ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ń gbé látìgbà tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bí mo bá dé láàárọ̀, tí a bá ti mu ògì tán, a ó wo nǹkan díẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Èyí tí a wò nígbà òtútù tó kọjá ni The Four Just Men, eré tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Bírítéènì ti 1959 sí 1960. Apá 39 ni, apá kọ̀ọ̀kan kò sì ju bí ìṣẹ́jú 25 lọ. Bí a ṣe kọ́kọ́ wò ó kò dáa rárá. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni màámi fi ń po àwọn ọkùnrin inú rẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó bá ní àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó gba ibi tí a padà gbà.

Ẹ kọ́kọ́ wá díìsì (DVD) rẹ̀. Network ló gbé e jáde níbí, ilé-iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé ní 2023, nítorí náà àlòkù lẹ ó rà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò inú páálí, kó má ṣe ya ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, páálí ń dán, díìsì kan ò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, ẹ rántí pé àgbègbè 2 ni wọ́n de díìsì ilẹ̀ Yúróòpù mọ́, Nàìjíríà sì wà ní àgbègbè 5. Ẹ̀rọ àbúrò mi n'Íbàdàn pọ̀ ọ́ jáde bí ọmọ tí wọ́n rọ lágbo. Ẹ̀rọ tí wọn kò dè mọ́ àgbègbè kankan ló padà gbà á.

Ẹ tún ojú tẹlifíṣọ̀n yín ṣe kí ẹ tó jókòó. Ojú tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà yẹn, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 4, gíga rẹ̀ a jẹ́ 3. Tiwa báyìí jẹ́ 16 sí 9. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rọ na àwòrán náà kó lè kún ojú, Jack Hawkins, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré rẹ̀, tí àyà rẹ̀ fẹ̀ tẹ́lẹ̀, á dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ fi rìmóòtù wá ibi tí wọ́n kọ 4:3 sí. Ojú dúdú á kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Kò bàjẹ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Màámi ní ẹni tó ni ilé náà ò ṣí kọ́tíìnì tán. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá sì ń mú kí èèyàn máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí epo, nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dán ìrìn àwòrán. Ẹ pa á.

Ní ti pé dúdú àti funfun ni, àgbàlagbà ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, nígbà tí eré yìí ṣì ń lọ lọ́wọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n ITV níbí. Ojú fèrèsé aládùúgbò ni màámi ti kọ́kọ́ rí tẹlifíṣọ̀n, láàárín orí ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n ní tòní tiẹ̀ sàn, kò sórí ẹnikẹ́ni níwájú àwọn.

Ó wá kan eré gan-an. Ẹ má fo apá kìn-ín-ní, bó ti wù kí oorun máa kùn yín tó. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ pé nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní Ítálì, ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin náà ti jà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ikú ọ̀gá wọn ló tún kó wọn jọ. Bàbá náà fi owó sílẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n máa fi gbèjà ẹni tí wọ́n bá ń rẹ́ jẹ, níbikíbi láyé. Ẹni tí kò bá wo apá yìí, á kàn máa rí ọkùnrin olówó tó ń ti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bọ ara rẹ̀ lọ́rùn ni.

Ibí yìí la ti dá díìsì dúró fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kó ìpín 81 àti 82 nínú ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Bọ́mà nínú ogun yẹn kan náà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì wà lára wọn. Màámi ní, "Ọ̀gá tiwọn ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kankan." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀wù kóòtù kan ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbé bọ̀. Ó gbóná jù fún Ìbàdàn." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kóòtù yẹn rí láyé mi. Torí náà, ẹ jẹ́ kí rìmóòtù wà nítòsí, bí àgbà bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ pa eré náà pọ́.

Lẹ́yìn apá kìn-ín-ní, ẹ má tẹ̀lé nọ́ńbà mọ́. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà ló ń ṣe olórí eré nínú apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń pààrọ̀: ẹ rí ẹnì kan lónìí, kò ní padà dé títí ẹ ó fi gbàgbé irun orí rẹ̀. Ẹni kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ni ín, kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ tí màámi sọ wọ́n ni mo kọ sórí tiwa, nítorí wọn kì í rántí ti òyìnbó.

Ọ̀nọ́rébù ni Jack Hawkins. Ben Manfred ló ń jẹ́ nínú eré, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ní 1966 ni wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, fíìmù tó sì ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ló ń bá a fọhùn níbẹ̀. Oníròyìn ni Dan Dailey, ará Amẹ́ríkà tó fi Paris ṣe ilé. Lọ́yà ni Richard Conte, tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ òfin ní New York. Olóhòtẹ́ẹ̀lì ni Vittorio De Sica, ọkùnrin tó darí fíìmù Bicycle Thieves ní 1948, tó wá ń ṣe olówó ní Róòmù nínú tèyí.

De Sica ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá gbé irun ojú sókè báyìí, ó ti sọ̀rọ̀ tán, ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa mọ́ náà yóò gbádùn rẹ̀. Kí Ọ̀nọ́rébù tẹ̀ lé e, kí ẹ fi Lọ́yà kẹ́yìn. Kì í ṣe pé Conte ò mọ eré ṣe o. Màámi ló ní ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó jẹ àwọn lówó.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fún wọn ṣáájú. Lẹ́yìn apá kìn-ín-ní, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í sábà pàdé mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti ń rán ara wọn níṣẹ́. "Ọ̀rẹ́ wo nìyí tí kì í wá kíni?" ni màámi ń wí. Bí ẹ bá ro ohun tí òṣèré ńlá mẹ́rin yóò gbà lójúmọ́, ẹ ó yé béèrè.

Ẹ fojú sí àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn náà. Nicole tó ń bá Oníròyìn ṣiṣẹ́, Honor Blackman ni, kó tó di olókìkí nínú eré tẹlifíṣọ̀n The Avengers. Nígbà mìíràn, òun ló ń ro ìrònú, ọ̀gá á wá gba oríyìn.

Bí ìtàn kan bá fà, ẹ máa wo ògiri. Walton-on-Thames, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé tí wọ́n ti ya eré náà wà. Sapphire Films ti Hannah Weinstein ló ṣe é, àwọn kan náà tó ṣe eré tẹlifíṣọ̀n Robin Hood láti 1955. Nígbà Robin Hood, Peter Proud, tó ń ṣètò ojú ibi ìṣeré wọn, fi ẹsẹ̀ táyà sábẹ́ àwọn igi àti ògiri kí wọ́n lè máa yí wọn kiri kíákíá. Láti ìgbà tí mo ti sọ èyí fún màámi, gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn pé àwọn ti rí i nílé ẹlòmíràn.

Ẹ má tíì ka ìwé tí wọ́n ti mú un jáde. 1905 ni Edgar Wallace kọ ọ́, ó sì ṣèlérí £500 fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe pa mínísítà inú rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ju owó ọwọ́ rẹ̀ lọ, gbèsè sì mù ún. Àwọn mẹ́rin inú ìwé, apààyàn ni wọ́n. Ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ojú ìfura ni yóò fi máa wo Ọ̀nọ́rébù. Wallace yìí náà ló kọ Sanders of the River, níbi tí òyìnbó kan ti ń pàṣẹ fún wa bí ọmọdé. Orlando Martins, ọmọ Èkó, wà nínú fíìmù rẹ̀ ti 1935. Màámi fẹ́ kí n wá a fún àwọn, nítorí Martins nìkan o.

Apá méjì láàárọ̀ ti tó. Bí ẹ bá parí gbogbo rẹ̀, ẹ tún apá kìn-ín-ní wò. Ọjọ́ Sátidé la wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Bí Hawkins ṣe yọ, tí mo ń retí "Ta nìyẹn?", màámi na ọpá wọn sí tẹlifíṣọ̀n. "Ọ̀nọ́rébù ti dé o. Àwọn yòókù ń bọ̀." Kí àwọn yòókù tó dé, wọ́n ti ń hanrun.