Bí mo ṣe mọ ìwọ̀n hítà tó tó ilé wa

Ẹni mẹ́fà la wà nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, hítà oní-lítà 80 tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ láti fi mú omi gbóná la sì ń lò. Láràárọ̀, ẹni kẹta tó bá wọ balùwẹ̀ ni omi máa ń tutù mọ́ lára lójijì. Mo fi kún ìwọ̀n ooru rẹ̀, ìyàtọ̀ tó rí kò tó nǹkan. Oníná pààrọ̀ wáyà, owó mi ló bá a lọ.

Korobá oní-lítà 20 ló tú àṣírí náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbe omi gbígbóná sínú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo nǹkan bíi lítà 25, ìyẹn lítà 150 fún gbogbo wa láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ nìkan. Irú hítà yìí kì í tètè mú omi mìíràn gbóná, nítorí náà omi tó ti gbóná nínú táńkì kí a tó jí la gbọ́dọ̀ ṣírò, kì í ṣe iye yàrá, bí ẹni tó tà á fún mi ti ṣe. Mo ra oní-lítà 200, torí omi tútù tó ń wọlé máa ń dà pọ̀ mọ́ gbígbóná kí gbígbóná náà tó tán, mo sì gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa.

Láti oṣù méjì, àbíkẹ́yìn wa tó ń wẹ̀ kẹ́yìn kò pariwo mọ́. Ilé tí wọn kì í wẹ̀ lásìkò kan náà lè má nílò tó bẹ́ẹ̀.