Bí mo ṣe ta 150 ẹ̀dà kọ́míìsì queer tí mo fúnra mi tẹ̀

Kọ́míìsì náà, ìwé ìtàn alàwòrán, kò ju ojú-ìwé 28 lọ. Obìnrin méjì ló wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, èkejì ń gbé kẹ̀kẹ́ tí kò ṣe nǹkan kan wá fún àtúnṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: ìfẹ́ ni, ìyẹn ni mo fi pè é ní queer, orúkọ tí àwa tí ìfẹ́ wa kì í ṣe ti ọkùnrin sí obìnrin nìkan fi ń pe ara wa. Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi yà á, mo sì ti fi sọ́kàn pé bí mo bá ti yà á tán, iṣẹ́ ti bùṣe. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni mo fi ta 150 ẹ̀dà.

Mo kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń gbé ìwé jáde. Méjì ò fèsì. Ẹnìkẹta ní òun gbádùn rẹ̀ gan-an, àmọ́ ṣé mi ò lè sọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà di ọkùnrin? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1954, àwọn tó ń tẹ kọ́míìsì ní Amẹ́ríkà ṣe òfin kan fún ara wọn, Comics Code, tí kò jẹ́ kí irú wa yọjú nínú ìwé wọn kankan; 1989 ni wọ́n tó tún apá yẹn kọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ìtàn yìí nígbà náà, àfi kó tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí Mary Wings, ayàwòrán kọ́míìsì kan ní Amẹ́ríkà, ṣe ṣe é nìyẹn ní 1973, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé Come Out Comix jáde. Bí ẹni yẹn bá lè ṣe é láìsí kọ̀ǹpútà, kí ni èmi ń ráhùn sí?

Fáìlì ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po láàárín tí wọ́n sì fi pínnì kàn, iye ojú-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, torí bébà kan tí a ṣẹ́ po ti di ojú-ìwé mẹ́rin. Tèmi jẹ́ 26. Mo ní láti wá ojú-ìwé méjì kún un, ìyẹn ni mo ṣe ya ojú-ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan, níbi tí obìnrin oníkẹ̀kẹ́ náà ti dúró síta tí ó ń tú táyà ara rẹ̀ kó lè rí ohun tó máa gbé wọlé. Òun làwọn ènìyàn fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà. Mo tọ́jú àwòrán aláwọ̀ ní dpi 300 (iye àmì tó wà nínú íǹṣì kan), ìlà dúdú lásán ní 600, mo sì fi mìlímítà 3 kún gbogbo etí bébà kí ẹ̀rọ tó ń gé e lè rí ibi gé.

Mo ní mo fi kún un. Ojú-ìwé 17 ni mo gbàgbé. Ibẹ̀ ni ìka àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ kan ara wọn, mo sì ya ọwọ́ wọn sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá etí. Nígbà tí ẹ̀dà àyẹ̀wò dé, ẹ̀rọ ti gé ìka wọn dànù. Ọrùn-ọwọ́ méjì ló kù tí ń lọ sí ibi tí kò sí. Àwọ̀ elésè àlùkò tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà náà sì ti di nǹkan rẹ́súrẹ́sú kan, torí pé RGB, àwọ̀ iná ojú kọ̀ǹpútà, ni mo fi yà á, CMYK, àwọ̀ íǹkì, sì ni ẹ̀rọ fi ń tẹ̀. Àwọ̀ míì wà tí iná lè gbé jáde tí íǹkì ò lè gbé. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yọ ẹ̀dà àyẹ̀wò kúrò nítorí owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ nǹkan míì.

Atẹ̀wé bá mi tẹ 160. Ọ̀nà oní-kọ̀ǹpútà ló gbà tẹ̀ ẹ́; ẹ̀rọ ńlá tó ń lo àwo máa ń dín owó ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan kù, àmọ́ owó àwo yẹn ò ṣe é san lórí ìwé díẹ̀. Mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni mo fi tọrẹ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní àwọn ló tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní àwọn ló tọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ rà á.

Lórí iye owó, ká ní ohun tí a kọ sára ìwé jẹ́ 100. Alágbàtà tó ní ìsọ̀ ìwé sábà máa ń mú 40 nínú rẹ̀. Bí títẹ̀ ẹ̀dà kan bá ti jẹ 40, ogún ló kù fún ẹni tó fi ọdún kan yàwòrán, kò tíì ra àpòòwé o. Mo ṣírò rẹ̀ títí mo fi rí i pé títẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá mẹ́rin iye owó ìwé. Ìyẹn mú kí ìwé mi wọ́n díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Kí ìwé tó dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn 64 ló san owó sílẹ̀. Ni ilé-iṣẹ́ tó ń bá mi gba owó bá ti àkáǹtì mi pa. Wọ́n ní ohun tí mò ń tà kò bá òfin àwọn mu, pé ọjà ìbálòpọ̀ ni. Ìfẹnukonu ẹyọ kan ló wà nínú ìwé náà, ní ojú-ìwé 24, àwọn méjèèjì sì wọ aṣọ iṣẹ́ tó kún fún girísì. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni owó náà fi wà lọ́hùn-ún. Mo kọ lẹ́tà, mo fi ojú-ìwé 24 ránṣẹ́, mo tún kọ lẹ́tà. Níkẹyìn wọ́n ṣí i, wọn ò sì sọ pé kí n má bínú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù mí lọ: ní oṣù Keje 2025, àwọn tó ń bá itch.io, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta géèmù àti kọ́míìsì, gba owó fúngun mọ́ ọn, ìkànnì náà sì mú gbogbo iṣẹ́ tó jẹ́ ti àgbàlagbà kúrò nínú ohun tí ènìyàn lè wá rí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ queer sì bá a lọ.

Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Ohun tó gbà mí ni pé mo ti kọ ímeèlì gbogbo àwọn tó sanwó sínú fáìlì tèmi fúnra mi, kì í ṣe orí ìkànnì ẹlòmíì. Mo kọ̀wé sí wọn, mo ṣàlàyé, ẹni méjì péré ló ní kí n dá owó òun padà. Mo ṣí ọ̀nà ìgbowó kejì lọ́sẹ̀ yẹn.

Àpòòwé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Inú mi dùn sí ìwé yìí débi pé mo gbẹ́ òǹtẹ̀ kan, orí obìnrin méjì tó fẹnu ko ara wọn, mo sì fi íǹkì pupa lù ú mọ́ àpòòwé kọ̀ọ̀kan. Ó rẹwà, mo ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé 30 àkọ́kọ́ lọ báyẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà kan kọ̀wé sí mi: “Ẹ ṣeun, ìwé yín ti dé. Bàbá mi ló gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n béèrè pé kí ni àwòrán yẹn, mo ní ọ̀rẹ́ kan ló ń ṣeré. Mo ti fa àpòòwé náà ya. Ìwé yìí dára o.” Kò bá mi jà. Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn. Mo jókòó ti òǹtẹ̀ yẹn fún ìgbà pípẹ́, ojú ń tì mí níwájú igi tí mo fọwọ́ mi gbẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ lásán ni mò ń lò, tí kò ní àwòrán, tí kò ní àkọlé. Lẹ́tà méjì tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi ni mo fi sí ibi orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Lórí fọ́ọ̀mù àwọn aṣọ́bodè, “ìwé títẹ̀, ẹ̀dà 1” ni mò ń kọ. Òótọ́ ni, ó sì tó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo ra ìwé ara mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè rí ohun tó máa hàn nínú àkọsílẹ̀ báńkì. Àyà mi já: orúkọ ìsọ̀ mi lódindi ló jáde, ọ̀rọ̀ “queer” sì wà nínú rẹ̀ gbàgàdà. Ẹni tó ń pín àkáǹtì pẹ̀lú ọkọ tàbí òbí rẹ̀ ńkọ́? Mo yí i padà lọ́jọ́ náà. Mo yí àkọlé ímeèlì tó ń jáde fúnra rẹ̀ náà padà. “Ẹrù yín ti wà lọ́nà” ló ń sọ báyìí, kò dárúkọ ìwé. PDF tí mò ń tà fún àwọn tí kò lè gba ẹrù rárá, nọ́ńbà lásán ni orúkọ fáìlì rẹ̀. Mo sì fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù: ṣé kí n kọ orúkọ yín sínú ìwé, àbí kí n fọwọ́ sí i lásán? Ìdajì ní kí n má kọ orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ yìí, tó ti ń yàwòrán kí n tó mọ pẹ́ńsù dì mú, ò fara mọ́ ọn. “Ìtìjú lò ń tà yìí o,” ni wọ́n wí. “A ti fara pamọ́ tó.” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo yàn láti sọ̀rọ̀ sókè. Àwọn tó ń ra ìwé kọ́ ló yàn án.” Wọ́n ṣe hùn. Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ fi pósítà wọn ránṣẹ́, wọ́n béèrè ibi tí mo ti ń ra àpòòwé.

Ẹ tún wọn ìwé yín pẹ̀lú àpòòwé, páálí pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kó ká, àti káàdì ọpẹ́. Ìwé nìkan ni mo wọ̀n. Gíráàmù mẹ́rin tó lé lórí ìyẹn sọ ẹrù mi sí ìpele owó ìfìránṣẹ́ tó kàn, èrè ẹrù 11 sì bá a lọ kí n tó fura.

Ibi ìpàtẹ ni mo ti ta 53, ìpàtẹ mẹ́ta. Ìwé tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbalaja lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó ń rí i láti ọ̀ọ́kán. Mo gbé tèmi dúró lórí pákó, àkọlé rẹ̀ gàdàgbà. Ṣùgbọ́n mo kọ́ láti pa ẹnu mọ́. Àwọn kan máa ń kọjá lẹ́ẹ̀kíní, ojú wọn á yí. Wọ́n á kọjá lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á dúró níwájú tábìlì aládùúgbò mi, wọ́n á máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo tèmi. Bí mo bá kí wọn nígbà yẹn, wọ́n ti lọ nìyẹn. Mo wá fi ẹ̀dà kan lélẹ̀ ní igun tábìlì, lẹ́yìn pákó tí mo fi àwòrán kẹ̀kẹ́ kọ́, tí ẹni tó bá ń kà á níbẹ̀ á fi dà bí ẹni tó ń wo kẹ̀kẹ́. Èmi á sì máa yàwòrán, n kì í gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni kì í ya fọ́tò níwájú tábìlì mi láìbéèrè. Mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Sítíkà ló tà ju ìwé lọ, mo sì ti rò pé eré ọmọdé ni. Òdòdó carnation aláwọ̀ ewé ni mo yà sára rẹ̀, láìsí ọ̀rọ̀ kan. Ní 1892, Oscar Wilde, òǹkọ̀wé tó fẹ́ràn ọkùnrin, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi irú òdòdó bẹ́ẹ̀ sáyà lọ wo eré rẹ̀ ní London, láti ìgbà náà ló ti di àrokò láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò lè gbé ìwé wọlé lè lẹ òdòdó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra mẹ́fà, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ láìsọ nǹkan kan.

Ìsọ̀ ìwé kan gba 20 lọ́wọ́ mi, kó tà á kó tó sanwó. Ó ta 14, ó dá 6 padà tí igun wọn ti ká. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: ta ló máa san owó èyí tó bá bàjẹ́? Àwa ò kọ ọ́. Ìsọ̀ náà béèrè ISBN, nọ́ńbà oní-díjíìtì 13 tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé. Ibi ìpàtẹ, kò sẹ́ni tó bi mí. Ìwé tó kù tà díẹ̀díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀dà igun tábìlì yẹn ló gbẹ̀yìn. Ojú-ìwé 17 rẹ̀ ti dúdú níbi tí àtàǹpàkò ń gbà ṣí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìkẹyìn, màmá kan tó ti kọjá nígbà mẹ́rin dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Mo ní, “Ẹ má bínú, mà, èyí ti gbó, ẹ jẹ́ kí n fi tuntun ránṣẹ́ bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́.” Wọ́n ní rárá, èyí gan-an làwọn fẹ́, èyí táwọn ènìyàn ti kà. Mo mú àpòòwé. Wọ́n ní kí n dá a padà, wọ́n fi ìwé náà sí abẹ́ apá, èèpo rẹ̀ síta.

Ní ọjọ́ kejì mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí atẹ̀wé fún 200 míì. Mo tún wo ojú-ìwé 17 kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Mo sún ọwọ́ wọn sókè díẹ̀ sí i.