Àṣìṣe tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé irin máa ń ṣe lórí kápúsù testosterone

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 18 títí di ìgbà tí ọkùnrin bá fi sún mọ́ 30 ni testosterone, họ́mónù tó ń mú ọkùnrin jẹ́ ọkùnrin, sábà máa ń pọ̀ jù lọ lára rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọjọ́ orí yẹn, tí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, tó wá ń ra kápúsù tí wọ́n ní ó ń mú testosterone pọ̀ sí i, omi ló ń bù sódò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe squat (kéèyàn gbé irin léjìká, kó lóṣòó, kó sì dìde) tí ẹ̀yìn kò fi ní tẹ̀, wọ́n ti ń bèèrè pé kápúsù wo ló dáa jù.

Má fi nọ́ńbà inú ẹ̀jẹ̀ wọn agbára

Àṣìṣe tó bí àwọn yòókù nìyí. Wọ́n gbọ́ pé testosterone ló ń mú iṣan tóbi, wọ́n wá gbà pé bó bá fi díẹ̀ lé, iṣan náà á fi díẹ̀ lé. Ara kì í ṣe báyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, láti nǹkan bí 300 dé 1,000 ng/dL ni wọ́n kà sí déédéé fún àgbàlagbà ọkùnrin. Bí ti ẹnì kan bá kúrò ní 450 tó bọ́ sí 520, irin tó ń gbé kò ní fúyẹ́ sí i. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1996, àwọn ọkùnrin tí testosterone mú iṣan wọn tóbi gan-an, abẹ́rẹ́ 600 mg ni wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 10. Ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́fà ohun tí dókítà sábà máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kò pèsè é tó. Kò sí ewé tó lè súnmọ́ ibẹ̀.

Ara fúnra rẹ̀ kò sì ní gbà. Ẹṣẹ́ kékeré kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí kórópọ̀n pé kó pèsè testosterone. Bí ọpọlọ bá ti rí i pé ó tó nínú ẹ̀jẹ̀, á dín iṣẹ́ tó ń rán kù. Bí ewé kan bá tiẹ̀ tì í gòkè díẹ̀, ara á rọra fà á padà sáyè rẹ̀.

Má ka iwájú ike nìkan, yí i sẹ́yìn

Ẹ̀yìn ike kan lè kà báyìí: "Proprietary blend 1,800 mg", kí orúkọ ewé mẹ́jọ wá tẹ̀ lé e. Àpapọ̀ wọn nìkan lo mọ̀ yẹn, o ò mọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ló wúwo jù. Ó lè kó 1,500 mg, kí méje yòókù pín 300 mg tó kù. Èyí tí o torí ẹ̀ rà á lè má ju èérún lọ.

Ká tiẹ̀ ní ó pé. Egbòogi kan tó ń jẹ́ Tribulus terrestris ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà jù. Wọ́n fún àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby ní 450 mg rẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 5, testosterone wọn kò yí padà, agbára wọn kò sì ju ti àwọn tí kò lò ó. D-aspartic acid, èròjà míì tí wọ́n máa ń fi sínú kápúsù wọ̀nyí, ló tún yani lẹ́nu jù. Lọ́dún 2009, ìwádìí kan rí i pé ó mú testosterone pọ̀ sí i lára àwọn tí kì í gbé irin. Nígbà tó di 2015, wọ́n fún àwọn tó ń gbé irin ní gíráàmù 6 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ńṣe ni testosterone wọn lọ sílẹ̀! Egbòogi méjì míì, ashwagandha àti fenugreek, ti fi ìyàtọ̀ díẹ̀ hàn nínú ìwádìí kéékèèké kan, ṣùgbọ́n ashwagandha ti ṣe ẹ̀dọ̀ àwọn kan léṣe.

Síǹkì, mínírà kan tí wọ́n tún máa ń fi sí i, ń ran ẹni tí kò ní in tó lọ́wọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ máa gbà ju 40 mg lọ lójúmọ́, ọmọ ọdún 14 sí 18 kò gbọ́dọ̀ kọjá 34 mg. Kápúsù tó ní 30 mg nínú wọ́pọ̀. Fi ti inú oúnjẹ kún un, fi ti fítámì kún un, o ti kọjá ààlà. Bó bá ń pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kò ní jẹ́ kí ara gba mínírà bàbà tó nílò, ẹ̀jẹ̀ ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Má sọ pé ewé lásán ni

Èyí tí kò ṣiṣẹ́, owó nìkan ló máa jẹ. Èyí tó ṣiṣẹ́ wéréwéré gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà ọ́. Láàárín 2000 sí 2001, wọ́n yẹ àfikún oúnjẹ (irú kápúsù àti ìyẹ̀fun wọ̀nyí) 634 láti orílẹ̀-èdè 13 wò. Nínú 94, họ́mónù amúṣantóbi wà níbẹ̀ tí wọn kò kọ sí ara ike. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin ọdún 1994, ẹni tó ń ta àfikún kò nílò kí FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kó tó gbé e sórí igbá.

Bí kílò mẹ́fà bá gorí rẹ lóṣù kan, tí irorẹ́ bo ẹ̀yìn, tí ìdí orí ọmú le kókó, tó sì ń dun ọ́ bí aṣọ bá ti kàn án, kì í ṣe ewé lo ń lò. Nígbà tí họ́mónù láti ìta bá kún ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á dẹ́kun iṣẹ́ tó ń rán, kórópọ̀n á sì súnkì. Bó o bá ṣíwọ́, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó jí. Ti ọmọ tó ṣì ń ga tún burú sí i: ibi tí egungun rẹ̀ ti ń gùn á tètè dí, gíga rẹ̀ á dúró síbi tó bá a. Ẹni tó bá sì ń díje kò ní lè sọ pé òun ò mọ̀. Lábẹ́ òfin WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn olóró nínú eré ìdárayá, ohun tí wọ́n bá bá lára rẹ, ìwọ ló ni ín.

Má lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nírọ̀lẹ́

Àárọ̀ ni testosterone máa ń ga jù. Aago méje sí mẹ́wàá ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, kó o tó jẹun, kó sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nọ́ńbà tó bá jáde lẹ́yìn òru àìsùn kò ṣeé gbára lé. Nínú ìwádìí ọdún 2011, ọ̀dọ́kùnrin 10 sun wákàtí márùn-ún péré lóru fún ọ̀sẹ̀ kan, testosterone wọn fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Ẹni tó ń sùn báyẹn tó tún ń ra kápúsù ń fi agbọ̀n gbe omi.

Má fi kápúsù bo ohun tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tí irin rẹ̀ kò lọ sókè láti oṣù mẹ́ta, ìwé àkọsílẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ kò ní. Bó o bá fẹ́ squat 60 kg lẹ́ẹ̀mẹ́jọ ní ìpele mẹ́ta, kọ iye tó o ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: 8, 8, 6. Ọjọ́ tó bá di 8, 8, 8 ni kó o fi 2.5 kg lé e. Sinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín ìpele, kó o sì ṣiṣẹ́ lórí iṣan kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, oúnjẹ: purotéènì 1.6 gíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ẹni 70 kg nílò 112 gíráàmù, ìyẹn 28 nígbà mẹ́rin lójúmọ́. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ kí ikùn lè pín, testosterone rẹ̀ náà á wálẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ ra nǹkan kan dandan, creatine (èròjà kan tó ń fún iṣan lágbára) gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ ní ẹ̀rí lẹ́yìn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ.

Àwọn kan wà tí testosterone wọn kò tó lóòótọ́. Ọmọkùnrin tó pé 14 tí kórópọ̀n rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi, tàbí ọ̀dọ́ tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kì í dìde láàárọ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó lọ. Ẹni tó ti ń lo kápúsù tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, tí ẹyinjú rẹ̀ di yẹ́lò bí òróró, kó ṣíwọ́ lónìí, kó gba ilé ìwòsàn lọ, kó sì mú ike náà dání pẹ̀lú gbogbo ohun tó kù nínú rẹ̀, torí ó lè jẹ́ kápúsù náà gan-an ni wọ́n máa ní láti yẹ̀ wò.