Bí a Ṣe Ń Kọ Àlàyé Kékeré Tó Ń Mú Kí Èèyàn Tẹ Ojú Ewé Yín Lórí Google

Bí ẹnì kan bá wá aṣọ òfì Ìlọrin lórí Google, ìlà méjì tó wà lábẹ́ àkọlé ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló máa fi pinnu ibi tí yóò yà sí. Ìlà náà kì í gbé yín gun òkè àwọn tó kù: láti 2009 ni Google ti sọ pé òun kì í fi í to ojú ewé. Ẹni tó ti rí yín ni ó wà fún, kó lè tẹ̀ yín.

Àárín <head> àti </head> nínú kóòdù ojú ewé yín ni a ń kọ ọ́ sí:

<meta name="description" content="Àlàyé yín">

Ẹni tó ń fi WordPress ṣe ìkànnì rẹ̀ lè fi àfikún bíi Yoast SEO tàbí Rank Math ṣe é, wọ́n ní àpótí tirẹ̀. Ẹni tó ń fọwọ́ kọ kóòdù ni kó ṣọ́ra fún àmì ". Bó bá bọ́ sínú àlàyé, ibẹ̀ ni kóòdù yóò gbà pé ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ lo ' dípò rẹ̀.

Google ò fi òdiwọ̀n lé e, bí ojú fóònù bá ṣe fẹ̀ tó ló ń gé e. Nǹkan bí 120 lẹ́tà, pẹ̀lú àlàfo àti àmì ìkọ̀wé, ló sábà máa ń hàn lórí fóònù, bí 155 lórí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà, ohun tí oníbàárà ń wá gan-an ni kó ṣíwájú. Ẹ wo èyí:

"Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa. Àwa ni aṣáájú nínú aṣọ ìbílẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn yín ló jẹ wá lógún."

Ìkíni dára, ṣùgbọ́n ó ti jẹ lẹ́tà tó lé ní ogún kí ọjà tó jáde, orúkọ ọjà náà gan-an, aṣọ òfì, ò sì jáde rárá. Ẹ fi wé èyí:

"Aṣọ òfì tí a hun lọ́wọ́ ní Ìlọrin: ìpèlé, gèlè àti fìlà. Ẹ wo iye owó àti àwọ̀ tó wà nílẹ̀. A ń fi ránṣẹ́ sí Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Èkó."

Bí fóònù bá tilẹ̀ gé e, orúkọ ìlú kan ló máa bá a lọ. Ọjà, ibi tó ti wá àti ohun tí wọ́n máa rí ti hàn. A ò fi iye owó gan-an síbẹ̀, torí owó òwú kì í dúró sójú kan, owó àtijọ́ lábẹ́ orúkọ yín sì ń dá ìjà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn nìyí o: bí ẹ bá fojú kà á, lẹ́tà 126 ni àlàyé yẹn. Ẹ̀rọ lè pè é ní 132, torí ó ń ka àmì orí ọ́ àti ẹ̀ lọ́tọ̀. Àmì yẹn kì í gba àyè kankan lójú ìlà, bí ẹ̀rọ bá fi pupa kìlọ̀ pé àlàyé ti gùn jù, ẹ má torí ẹ̀ yọ ọ́.

Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó ní tirẹ̀. Ẹni tó lẹ ẹyọ kan mọ́ gbogbo rẹ̀, ó sàn kó má kọ rárá.

Síbẹ̀, Google lè pa tiyín tì, kó sì bu ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú ojú ewé náà, pàápàá bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi wá a kò bá sí nínú àlàyé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa ń tẹ̀ wá a wò, kì í ṣe orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín. Bó bá jẹ́ ìkéde kan tí kò wúlò ló ń bù ṣáá, ẹ fi data-nosnippet sára div tàbí span, ìyẹn àmì kóòdù tó gbé e.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ lọ sí URL Inspection nínú Search Console, irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ni ìkànnì, kí ẹ ní kí Google tún ojú ewé náà wò. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀. Lábẹ́ Performance, ẹ fi ọjọ́ 28 tó ṣáájú wé 28 tó tẹ̀ lé e: ṣé ìdá àwọn tó tẹ̀ yín nínú àwọn tó rí yín pọ̀ sí i, nígbà tí ipò yín ò yí? Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ tí Iléyá ń bọ̀ ṣe ìwọ̀n yìí, gbogbo ìlú ló ń wá aṣọ nígbà yẹn.