Bí mo ṣe wá afẹ́fẹ́ táyà tó bá Mustang mi mu fún eré drag

Fọkanáísà tó wà nítòsí ilé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kì í lo géèjì. Ẹsẹ̀ ló fi ń ta táyà. Bó bá dún "gbì", ó ti tó nìyẹn. Bó bá dún "pọ̀ọ̀", á tún tan pọ́ǹpù. Lójú tiwa nígbà náà, táyà tó le bí òkúta ni táyà gidi, torí kòtò pọ̀ lójú títì, ẹrù sì máa ń wúwo. Ìmọ̀ yẹn ni mo gbé dé Texas, òun ló sì já mi kulẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé Mustang GT mi lọ sáré ní Texas Motorplex, l'Ennis, gúúsù Dallas.

Eré náà ò ta kókó. Mọ́tò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, iná á tàn, wọ́n á sáré ìdámẹ́rin máìlì, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 1,320, láìyà sọ́tùn-ún láìyà sósì. Tó o bá parí, wọ́n á fún ẹ ní ìwé pélébé kan tí àkókò rẹ wà nínú ẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìwé yẹn, níbi tí àpapọ̀ àkókò wà, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sáré wò. Èmi, ìlà ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́ ni mò ń wá, torí ibẹ̀ ni táyà ti ń jẹ́jọ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, táyà tí mo fi ń lọ síbi iṣẹ́ náà ni mo lò, 255/40R19, ìyẹn ti ríìmù ínṣì 19, mo sì fún un ní afẹ́fẹ́ 38 psi, ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà. Iná tàn, mo tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, táyà ẹ̀yìn ń yí lójú kan, ariwo ń sọ, mọ́tò ò lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 2.14 fún ẹsẹ̀ bàtà 60, 12.71 fún gbogbo ẹ̀. Ìdí mọ́tò ọmọkùnrin kan tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò tó tèmi ni mò ń wò títí mo fi dé òpin.

Ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìjẹ̀bú tó ti ń tún mọ́tò ṣe ní Dallas tipẹ́, ló là mí lójú. Ó gba ìwé yẹn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, agbára kọ́ lo ò ní. Agbára ọ̀hún ni ò rí ilẹ̀ dì mú."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ní kí n ṣe?"

"Lọ wá ríìmù tó kéré."

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ríìmù ńlá ni gbogbo wa ń náwó sí kí mọ́tò lè gbayì! Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: tí táyà bá ga bákan náà, tí ríìmù wá kéré, rọ́bà tó wà láàárín ríìmù àti ilẹ̀ á ga sí i. Ẹ̀gbẹ́ táyà tèmi ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Nígbà tí mo wá gbé táyà drag 305/45 sórí ríìmù ínṣì 17, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 14. Bí mọ́tò bá fò kúrò lójú kan, ẹ̀gbẹ́ yẹn á ká wúruwùru bí aṣọ tí wọn ò lọ̀, òun ló ń gba ìjayà náà mọ́ra, ojú táyà á sì dúró sílẹ̀. Àwọn kan ń lo ínṣì 15. Bírékì ẹ̀yìn mọ́tò tèmi ò lè gbà á àfi kí n pààrọ̀ ẹ̀, mi ò sì nírú owó yẹn.

Àlòkù ni mo ra ríìmù méjèèjì. Kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbé táyà sí i, mo fi jáàkì gbé mọ́tò, mo so òfìfo ríìmù mọ́ họ́ọ̀bù, mo wá ń fọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi páálí pélébé wọ àárín òun àti bírékì. Ibì kan há, àmọ́ páálí kọjá. Ẹni tó bá gbé táyà sí i kó tó yẹ èyí wò ti fi owó ṣòfò. Nígbà tí wọ́n gbé táyà sí i tán, mo tún gbé ti àtijọ́ àti tuntun sórí òṣùwọ̀n ìyàwó mi nílé ìwẹ̀: pọ́n-ùn 55 àti pọ́n-ùn 49. Ìyàwó mi yọjú, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé táyà náà fẹ́ jọ̀ ni?"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, mo ti táyà kan sẹ́yìn, èkejì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ọ̀gá. Táyà ojú títì ni mo fi wakọ̀ lọ, torí táyà drag ò ṣeé finú tán bí òjò bá dé. Nígbà tí mo débẹ̀, mo pààrọ̀ wọn, mo fi súpánà onígéèjì dí nọ́ọ̀tì dé 150 lb-ft. Iwájú, mo fún un ní 40 psi: yíyí lásán ni tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó le, kó má sáà kọjá iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. Mo fi 24 bẹ̀rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà fífẹ̀ kọjá lójú táyà, mo wá rọra yí mọ́tò lọ síwájú lórí kọnkéré. Àárín nìkan ni ṣọ́ọ̀kì ti parẹ́, etí méjèèjì ṣì funfun báláú. Mo sáré ẹ bẹ́ẹ̀: 1.93 fún ẹsẹ̀ bàtà 60. Mo sọ ọ́ sí 18: 1.79. Inú mi dùn débi pé mo ní bí dídín ẹ̀ bá dùn báyìí, ẹ jẹ́ ká dín in sí i. Mo sọ ọ́ di 14. Ó lọ sókè sí 1.84, ìyẹn gan-an kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mo ń sún mọ́ òpin, tí eré mi ti ju máìlì 100 lọ ní wákàtí kan, ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fì sọ́tùn-ún fì sósì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kíákíá. Ṣọ́ọ̀kì tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀: lọ́tẹ̀ yìí, àárín ló ṣẹ́kù.

Ohun mìíràn wà tí mi ò fura sí. Bí mo ṣe wà lórí ìlà tí mò ń dúró, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa táyà òsì. Mo ti dá a padà sí 18, mo tún wọ̀n ọ́n: òsì 20, ọ̀tún 18, bẹ́ẹ̀ ọgbọọgba ni mo ṣe wọ́n. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Fahrenheit 10 lé sí i, afẹ́fẹ́ táyà á fi bíi ìdajì psi sí 1 psi lé. Látìgbà yẹn, orí ìlà ni mo ti ń wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, pẹ̀lú géèjì kan náà.

Ẹ má sì wọnú omi tó wà ṣáájú ìlà ìbẹ̀rẹ̀ bí ojú táyà yín bá nílà, torí ẹ ó kó omi ọ̀hún lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ gbéra. Mo yà fún un, mo rọra padà sẹ́yìn kan etí ẹ̀, mo tan line lock tó bá Mustang wá, tó ń di bírékì iwájú nìkan mú, kí táyà ẹ̀yìn lè yí lójú kan kó sì gbóná. Bí èéfín ṣe yọ díẹ̀, mo dá a dúró.

Ní 17, mo tẹ táyà ẹ̀yìn wò, mo sì fi ẹsẹ̀ ta á. "Pọ̀ọ̀." Fọkanáísà wa ì bá ti lé mi padà sílé. 1.76 ló sọ fún ẹsẹ̀ bàtà 60, 12.14 fún gbogbo ẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan náà, ọwọ́ kan náà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ 17 sínú búùtù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú nọ́ọ̀tì, torí Dallas ṣì jìnnà.