Àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn tó ń ra gíláàsì, làǹpù àti fàdákà àtijọ́ Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń ra gíláàsì, làǹpù àti abọ́ tí wọ́n fi fàdákà bò látijọ́ ní Amẹ́ríkà, yálà níbi gbàǹjo ni o, tàbí nígbà tí ìdílé kan bá ń ta ẹrù olóògbé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sáré dojú nǹkan dé kẹ́ ẹ lè ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀. Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù nìyẹn. Wọ́n á rí orúkọ ńlá kan níbẹ̀, kíá, wọ́n ti ń ka owó. Ẹ wo nǹkan náà fúnra ẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká mú Tiffany. Gbogbo làǹpù tí ìborí ẹ̀ bá ti jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ mèremère làwọn èèyàn ń pè ní Tiffany báyìí, kódà èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá. Ojúlówó ni èyí tó jáde láti ilé iṣẹ́ Louis Comfort Tiffany ní New York, ọkùnrin tó kú ní 1933. Lẹ́tà L.C.T., ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, tí wọ́n ń họ sí ìdí fáàsì, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ ẹ̀ lọ́wọ́ lè họ ọ́ sí ohun tó bá wù ú, òǹtẹ̀ ara idẹ náà, wọ́n ń ṣe ayédèrú ẹ̀. Ohun tó ṣòro láti fi purọ́ ni gíláàsì gan-an. Clara Driscoll àtàwọn obìnrin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ń ṣa gíláàsì lẹ́yọ lẹ́yọ ni, làǹpù Wisteria kan ṣoṣo, èyí tí ìborí ẹ̀ rí bí òdòdó tó ń rọ̀ wálẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 ègé, àwọ̀ á máa ṣàn látinú gíláàsì fúnra ẹ̀, ewé kan ò ní jọ ìkejì. Nínú ayédèrú, ewé mẹ́wàá, àwọ̀ kan náà. Tẹ́ ẹ bá ráàyè dé Queens Museum ní New York tàbí Morse Museum ní Winter Park, Florida, ẹ lọ fojú ara yín rí i kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Wọ́n tún máa ń so ìborí làǹpù kan mọ́ ìdí òmíì. Méjèèjì lè jẹ́ ti àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ti ara wọn, owó ẹ̀ ò sì lè tó ti odidi. Ẹ gbé ìborí yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti ń jókòó, bóyá ó ṣe rẹ́gí àbí ó ń mì.

Lórí fàdákà ni orúkọ ti ń tan èèyàn jù. Ẹ máa rí "1847 Rogers Bros." lára ṣíbí, ẹni tí ò mọ̀ á ní ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Rárá o. Ọdún táwọn Rogers, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná bo irin ní fàdákà ní Hartford, Connecticut ni, ọjà wọn gbayì débi pé ọdún yẹn di ara orúkọ, wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́ sára ṣíbí ní sẹ́ńtúrì 20. "Quadruple Plate" tí wọ́n ń tẹ̀ sára abọ́ náà kì í ṣe fàdákà gidi, fàdákà tí wọ́n fi bò ó ló kàn nípọn. Sterling ló jẹ́ fàdákà 92.5 nínú 100. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ìwọ̀n ta Quadruple Plate fún yín bíi fàdákà gidi, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Gíláàsì Burmese, tí àwọ̀ ẹ̀ máa ń ti orí pupa rẹ́súrẹ́sú bọ́ sí yẹ́lò, èyí tí ilé iṣẹ́ gíláàsì Mount Washington ní New Bedford gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní 1885, uranium wà nínú ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì UV (iná tójú lásán ò rí) á jẹ́ kó tàn bí ewé tútù. Ìyẹn ò ní kó jẹ́ ti àtijọ́ o, torí ilé iṣẹ́ gíláàsì Fenton náà ṣe Burmese láti 1970, ó sì ń tàn bákan náà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni fífọ̀. Ẹlòmíì á ra làǹpù ilé iṣẹ́ Handel tó rẹwà, tí wọ́n ya igbó àti odò sí, inú ìborí yẹn ni ọ̀dà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, ó wá gbé e sínú síǹkì pẹ̀lú omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn. Ọ̀dà ọgọ́rùn-ún ọdún á ṣí bí èèpo! Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ti tó. Ìdí làǹpù tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn, wọ́n dìídì fi kẹ́míkà sọ idẹ yẹn dà bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá fi Brasso bó o, owó ló bó kúrò lára ẹ̀. Abọ́ tí wọ́n fi fàdákà bò náà, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pólíìṣì ẹ̀ lẹ ń kó díẹ̀ kúrò, etí àti igun ni irin abẹ́ ẹ̀ ti máa kọ́kọ́ yọjú, ẹ má tilẹ̀ kì í sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́ rárá. Ẹ má sì fi omi òdòdó sílẹ̀ nínú fáàsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó máa ń jẹ gíláàsì, á wá rí bí ìkùukùu, bẹ́ ẹ bu fínígà sí i títí kò ní kúrò.

Ẹ má ki wáyà àtijọ́ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ ẹ̀ láì lu ihò tuntun, kẹ́ ẹ sì kó àwọn ohun tó bá tú pa mọ́ sínú ọ̀rá, torí ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ yín lọ́la máa béèrè. Gílóòbù LED ni kẹ́ ẹ lò, ooru ẹ̀ kéré. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé e rìnrìn àjò, ìborí ní páálí tiẹ̀, ìdí ní páálí tiẹ̀.